Apá Òsì Méjì

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀lẹ nìkan ló ń tòṣì, ẹ bá mi mú un wá sí yàrá ìránṣọ wa ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Kó wá jókòó sórí àga onígi wa fún wákàtí mẹ́wàá, kó máa tẹ ẹ̀rọ, kí òógùn máa ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, kí eruku òwú máa wọ̀ ọ́ nímú. Tó bá di ìparí oṣù, kó gba owó tí wọ́n ń san fún wa, kó fi sanwó ilé, kó fi wọkọ̀, kó fi jẹun, kó fi tọ́mọ. Tí kọ́bọ̀ bá ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, kó wá bú mi níwájú gbogbo ayé. Mo ti ń retí onítọ̀hún tipẹ́, kò tíì yọjú.

Èmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ o. Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹni tí gbogbo yàrá ń pè ní Alápò. Ṣùgbọ́n ẹ ó fara dà á fún mi bí mo bá ń ki ẹnu bọ̀ ọ́, nítorí kò sígbà tí mo mọ bí a ṣe ń dákẹ́, àti pé ìjàngbọ̀n tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ mi ló ti wá.

Aṣọ ilé-ìwé là ń rán. Ogójì obìnrin ni wá nínú yàrá kan, ìlà mẹ́rin, ẹ̀rọ mẹ́wàá mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó ń rán odidi ẹ̀wù láàárín wa. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn: wọ́n á kọ́ ọ ní ibì kan ṣoṣo lára aṣọ, ibẹ̀ náà ni wàá máa rán títí ọwọ́ rẹ á fi yá bí ọwọ́ olè. Ibi tí èèyàn ń rán ni wọ́n sì fi ń pè é. Màmá àgbà tó ń fi bọ́tìnnì sí i ni Màmá Oníbọ́tìnnì. Ọ̀rẹ́ mi tó ń rán àpò àyà ni Alápò. Èmi ni Alápá. Kì í tún ṣe apá méjèèjì o! Apá òsì nìkan ni tèmi. Apá ọ̀tún wà lọ́wọ́ obìnrin kan tó kọjú sí mi, Alápá Ọ̀tún, ẹni tí kò fẹ́ràn mi rárá, tí èmi náà ò sì rọ̀ ọ́ pé kó fẹ́ràn mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún la ti ń wo ara wa bí ẹni wo ìgbẹ́.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba èmi àti Alápò síṣẹ́. Òjò pa wá lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà, ọ̀rá kan ṣoṣo la jọ fi borí. Obìnrin gíga ni, ó tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀sán gangan ló máa ń yọ búrẹ́dì rẹ̀ jáde, á gé e sí méjì, á jẹ ìdajì, á sì fi ọ̀rá wé ìdajì kejì padà sínú báàgì fún ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti bímọ, n kò rí i kó jẹ odidi rí. Bí mo bá sọ pé, "Jẹ ẹ́ tán jàre, egungun ìhà rẹ ti ń yọ," á ní, "Egungun ìhà kì í yọ kó jábọ́."

Ohun kan wà tí ó máa ń ṣe sí àpò. Igun àpò, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ti máa ń fà á ya, ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé-iṣẹ́ ní kí ó rán an padà rán an bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alápò ń rán an. Ọ̀gá yàrá wa, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Aago nítorí pé ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aago ọwọ́ rẹ̀, bá a jà lórí rẹ̀. Ó ní òwú ló ń fi ṣòfò. Alápò ò gbójú sókè. Ó ní, "Sà, òkúta àti bíírò lọmọdé ń kó sápò. Tó bá ya, ìyá rẹ̀ ló máa rán an lẹ́yìn tó bá tibi iṣẹ́ dé." Aago sọ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni.

Yàrá kan ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bàbá ọmọ ti bá tirẹ̀ lọ láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń rákò. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, ìṣó mẹ́rin lára ògiri tí aṣọ wọn ń kọ́ sí, àti abọ́ kan tí kì í kúrò ní igun yàrá nítorí òrùlé ń jò. Ọmọ náà kì í jókòó kàwé. Ojú fèrèsé ló máa ń dúró sí, ó ní ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ò ní bílì. Ẹ gbọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá!

Ọmọ yìí ló lọ ṣe ìdánwò láti wọ ilé-ìwé ńlá kan tó wà lókè, ibi tí wọ́n ti ń kàwé ọ̀fẹ́ bí èèyàn bá yege. Ẹgbẹ̀ta ọmọ ló ṣe é. Òun ló gbapò kìíní. Ọjọ́ tí Alápò mú lẹ́tà náà wá síbi iṣẹ́, mo fò sókè, mo pariwo débi pé Aago yọ owó ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú owó oṣù mi. Mo ní kó yọ ọ́, kó tún fi kún un.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ní ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni wọ́n máa ń fi ẹ̀gún sí. Ó ní ọjọ́ Ajé ni ìwọlé, ọmọ tí kò bá sì wọ aṣọ ilé-ìwé pé lọ́jọ́ náà, àyè rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e. Aṣọ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ wa rán, pẹ̀lú aṣọ ilé-iṣẹ́ wa. Ilé-iṣẹ́ wa o! Búlúù tó ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ wa lójoojúmọ́ náà ni. Iye tí wọ́n ń tà á ju owó oṣù Alápò lọ.

Ó lọ bá Aago pé kí wọ́n san owó oṣù tó ń bọ̀ fún òun ṣáájú. Aago ní ilé-iṣẹ́ kì í yáni lówó. Alápò ní ṣé wọ́n á ta èyí tí abẹ́rẹ́ bà jẹ́ fún òun ní ẹ̀dínwó. Aago ní tí òun bá ṣe é fún ẹnì kan, gbogbo wa la máa tò sẹ́nu ọ̀nà òun. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ó ní, "Àbí o ò kúkú níṣẹ́ lọ́wọ́ ni?"

Alápò sọ èyí fún mi níbi ẹ̀rọ omi. Inú bí mi débi pé omi tí mo mu gba ọ̀nà imú jáde.

Àṣà kan wà níbi iṣẹ́ wa. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí a tó lọ sílé, wọ́n máa ń pín àkísà fún wa, àwọn aṣọ tí agéṣọ gé tì, pé kí kálukú fi nu òróró ẹ̀rọ rẹ̀. Òmíràn tóbi tó ìbòrí ìrọ̀rí, òmíràn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí a bá nu ẹ̀rọ tán, àkísà di tiwa. Àwọn kan ń fi nulẹ̀ nílé, àwọn kan ń fi dí ihò fèrèsé. Bó ṣe wà nìyẹn kí a tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, bí wọ́n ṣe pín àkísà tán, Màmá Oníbọ́tìnnì na tiwọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní, "A kì í gbé lẹ́bàá odò ká fi itọ́ bọ́jú." Mo ní, "Màmá, kí lẹ ń wí?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú okùn ìdí wọn, wọ́n bọ́ yẹ̀rì wọn láti abẹ́ aṣọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi yẹ̀rì nu ẹ̀rọ. Yẹ̀rì funfun! Wọ́n ká àkísà mímọ́ náà, wọ́n jù ú sórí itan Alápò.

Háà! Ká tó ka mẹ́wàá, yẹ̀rì ti ń bọ́ káàkiri yàrá wa. Obìnrin mọ́kànlá ló fi yẹ̀rì nu ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, àwa tí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn yẹ̀rì wá di dúdú fún òróró, kò sẹ́ni tó fẹ́ kì wọ́n sínú báàgì, a bá rún wọn sábẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́nu géètì, ẹ̀ṣọ́ gbé àkísà Alápò sókè, ó ní, "Àkísà yìí mà mọ́ o." Màmá Oníbọ́tìnnì fèsì lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹ̀rọ wa náà ni kò dọ̀tí." Ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ká kọjá.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la pàdé ní yàrá Màmá Oníbọ́tìnnì, nítorí wọ́n ní ẹ̀rọ àfọwọ́yí kan tí ìyá ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Àwa mẹ́rin ni: Màmá, Alápò, èmi, àti ọmọ náà tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń wò wá. A tẹ́ àkísà sílẹ̀. A ká ọwọ́ aṣọ sókè. Orí wa ń wú, a ń ṣe fáàrí pé ta ló tún mọ aṣọ yìí jù wá lọ. Ìgbà tó yá ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń so ara ẹ̀wù pọ̀.

Ẹ ẹ̀ rí ayé? Bí a bá ro ọdún tí àwa mẹ́ta ti lò nídìí ẹ̀rọ pọ̀, ó lé ní àádọ́ta. A ti rán aṣọ tó máa wọ odidi ìlú, a ò sì lè rán ẹ̀wù kan ṣoṣo parí. Àwọn tó ń so ara pọ̀, yàrá mìíràn ni wọ́n wà, ilẹ̀kùn sì wà láàárín. Ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú láìpẹ́, nítorí mo rí i pé kì í ṣe pé orí wa kú. Ẹnì kan ló jókòó, tó rò ó dáadáa pé kí á má baà mọ̀ ọ́n.

Alápò mú ẹ̀wù àtijọ́ kan tí ọmọ náà wọ̀ wá, ó ní kó bọ́ ọ, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sì tú u palẹ̀ lójú wa, ojú rírán kan lẹ́yìn èkejì. "Bí ó ṣe wà nìyí," ni ó wí. A wò ó, a fi ìka tọ̀ ọ́. A gé, a rán, a tú, a tún rán. Àkísà mẹ́rin ló di iwájú ẹ̀wù. Ibi tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé, Alápò fi àpò bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ní igun kọ̀ọ̀kan. Màmá kan bọ́tìnnì. Ó kù kí n fi apá sí i.

Èmi ni wọ́n fi àkísà méjì tó tóbi jù sílẹ̀ fún. Mi ò wọn nǹkan kan. Ta ló ń wọn apá? Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Mo gé e bí mo ṣe máa ń rí i lójoojúmọ́, mo rán an, mo so ó mọ́ ara ẹ̀wù, mo sì ju ẹ̀wù sí ọmọ náà pé, "Wọ̀ ọ́, ìyá mi, jẹ́ ká rí ẹ."

Apá òsì wọ̀ ọ́ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Apá ọ̀tún lọ́ padà sẹ́yìn, ó ká ọmọ lápá kò bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Màmá Oníbọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n sì káwọ́ lérí. Wọ́n ní, "Alápá, apá òsì méjì lo rán."

Apá òsì méjì! Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Èèyàn tí wọ́n bí pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún lára, mo ti gbàgbé pé ọmọ èèyàn ń ní apá ọ̀tún. Àkísà sì ti tán. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, mo ń bú Aago, mo ń bú ara mi, mo sì tún bú Alápá Ọ̀tún tí kò sí níbẹ̀. Mo ní mo ti bayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Alápò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín, ó rín in títí ó fi di ẹkún, ó wá nu ojú, ó ní, "Ó tó. Ẹ jẹ́ ká ronú."

Ọmọ náà ló ronú. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó na apá tó lọ́ náà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì ní, "Ẹ̀yin màmá, tí a bá yí inú rẹ̀ síta ńkọ́? Ṣebí á di apá ọ̀tún." A wo ara wa. Lóòótọ́ ni! Mo tú u, mo yí i padà, mo tún un so. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ohun kan ló kù níbẹ̀: aṣọ yẹn lójú, ó lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ló jẹ́ búlúù tó jinlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣá. Ẹ̀wù wa wá ní apá kan tó dúdú, apá kan tó ṣá. A ní kò ní hàn. Irọ́ la ń pa fún ara wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí a tó lọ síbi iṣẹ́, mo bá wọn lọ. Èmi ni mo ba apá jẹ́, mi ò lè jókòó sílé. Àwọn ọmọ tò sẹ́nu géètì, búlúù lọ sọ́hùn-ún bí ilẹ̀ ṣe lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé, ìyá àgbàlagbà kan tó wọ gíláàsì, dúró, wọ́n ń wo kálukú látòkè délẹ̀. Nígbà tó kan tiwa, wọ́n fi ìka méjì mú apá tó ṣá.

"Èyí kì í ṣe aṣọ wa," ni wọ́n wí. "Ojú títì lẹ ti rán an. Òfin wa ò gba ayédèrú."

Alápò kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí wọn, ó sì dìde. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ayédèrú kọ́ o. Ọwọ́ tó rán ti àwọn tó kù ló rán an."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Alápò yíjú sí ọmọ tó dúró lẹ́yìn wa, ó ní, "Ìyá mi, dákun, jẹ́ kí màmá wo igun àpò rẹ." Ó ka rírán náà fún ọ̀gá: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó ka ti ọmọ kejì. Ó ka ti ẹ̀kẹta. Ó wá ka ti ọmọ tirẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé-iṣẹ́ ní kí n máa rán an, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń rán an. Ẹ lọ wo gbogbo ọmọ tó wà nínú ọgbà yìí, tí ẹ bá rí ẹyọ kan tó jẹ́ méjì, ẹ lé ọmọ mi." Èmi náà ò lè mú un mọ́ra, mo ní, "Gbogbo apá òsì tó wà níbí, tèmi ni!" Alápò tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n dákẹ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, òfin ló wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ní kí ọmọ wọlé lónìí. Ṣùgbọ́n kó tó di aago méjì ọ̀sán ọ̀la, kí á mú lẹ́tà wá láti ilé-iṣẹ́ wa, tó ní òǹtẹ̀, pé òṣìṣẹ́ wọn ló rán aṣọ náà. Bí kò bá sí lẹ́tà, ọmọ tó ṣe ipò kejì ń dúró nílé.

A ò bá Aago níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Alápò bọ́ síwájú rẹ̀, èmi lẹ́yìn rẹ̀. Aago gbọ́ ọ tán. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Aṣọ ilé-iṣẹ́ lo kó lọ sílé. Olè nìyẹn."

"Àkísà ni, sà. Ẹ̀yin lẹ pín in fún wa."

"Láti fi nu ẹ̀rọ ni! Kí lo fi nu ẹ̀rọ?"

Mo ti lanu láti fèsì, ṣùgbọ́n Màmá Oníbọ́tìnnì ti gbọ́ láti ìdí ẹ̀rọ wọn. Wọ́n dìde. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń fa yẹ̀rì jáde, wọ́n sì kó mọ́kọ̀ọ̀kànlá wá sórí tábìlì Aago, dúdú, òróró ń kán. "Ẹ̀rọ yín mọ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ dá a padà fún wa."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí Aago nínú. Ó fa ìwé kan yọ, ó kọ ọ́ wàràwàrà, ó tì í síwájú Alápò. Ó ní òun máa tẹ òǹtẹ̀ lé lẹ́tà ilé-ìwé, òun ò ní lé e níṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí èyí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òun Alápò jí aṣọ ilé-iṣẹ́, òun sì tọrọ àforíjì.

Alápò mú bíírò. Aago mẹ́wàá ti lù. Mo rí i tí ẹnu bíírò kan ìwé. Èmi ni mo tilẹ̀ sọ ọ́, Ọlọ́run dárí jì mí, mo ní, "Fọwọ́ sí i jàre. Ìwé lásán ni." Ó wò mí. Ó gbé bíírò sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọmọ mi mọ̀wé kà," ó wí. "Lọ́jọ́ kan, ó máa ka èyí. Sà, mi ò ní fi orúkọ olè ra àyè fún un."

Ó padà sí àyè rẹ̀, ó jókòó, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: àpò ni wọ́n ń kọ́kọ́ rán. Iwájú ẹ̀wù kì í kọjá sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láìní àpò. Iwájú ẹ̀wù bẹ̀rẹ̀ sí í ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní aago mọ́kànlá, iṣẹ́ tán níwájú àwọn tó ń rán ọrùn aṣọ. Nígbà tó yá, ó tán níwájú mi. Ẹ̀rọ ń kú ní ìlà kan dé ìlà kejì, títí mo fi ń gbọ́ fáànù òkè, èyí tí mi ò gbọ́ rí láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Àsìkò ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé la sì wà yìí, ọkọ̀ tó fẹ́ kó aṣọ ti dúró níta.

Aago sáré wọ ìlà wa. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì nàka sí Alápá Ọ̀tún. "Ìwọ, dìde, bọ́ sídìí ẹ̀rọ àpò."

Mo mọ̀ pé ó máa ṣe é. Ọdún mẹ́rìndínlógún tí a ti ń kórìíra ara wa, òní ló máa gbẹ̀san.

Alápá Ọ̀tún jókòó síbẹ̀. Ó tún ìdí jókòó. Ó ní, "Sà, apá ọ̀tún nìkan ni mo mọ̀ ọ́n rán. Ẹ̀yin lẹ ò kọ́ mi ní òmíràn."

Aago kọjú sí ẹlòmíràn. "Bọ́tìnnì ni tèmi, sà." Ó kọjú sí ẹ̀kẹta. "Ọrùn aṣọ ni, sà. Ẹ ò jẹ́ kí n dé ibi àpò." Ogójì obìnrin, Aago bi wọ́n léèrè yíká, gbogbo wọn fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ dáhùn bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí wọ́n fi dè wá láti ọjọ́ yìí wá ló yí padà tó sì de Aago náà lọ́wọ́. Fóònù ọ́fíìsì rẹ̀ ń ké. Awakọ̀ ń fọn fèrè níta.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago kan lù, Aago jáde pẹ̀lú lẹ́tà, ó fẹ́ jù ú fún Alápò kó sì máa lọ. Alápò ní, "Ẹ dúró, sà." Ó kà á. Ó fi ìka sí ibì kan. "Ẹ kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ fi àánú fún mi ní aṣọ. Kò sẹ́ni tó fún mi. Ẹ kọ ọ́ pé mo rán an." Mo rò pé ọkùnrin náà máa bú gbàmù. Ó wo ẹ̀rọ ogójì tó dákẹ́. Ó pa á rẹ́, ó kọ ọ́, ó tẹ òǹtẹ̀.

Kí Alápò tó dìde, ó rán àpò kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ní igun kọ̀ọ̀kan. Ó tì í sí ìlà, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló sáré. Mo sáré tẹ̀ lé e, mi ò tọrọ àyè. Owó ọkọ̀ ò sí, ẹsẹ̀ la fi rìn ín, a sì dé ẹnu géètì nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago méjì lù.

Ọ̀gá ilé-ìwé ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ó dára, àyè ọmọ náà ti dúró. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní bí owó bá ti wọlé, kí á pààrọ̀ apá tó ṣá yẹn, kí àwọn ọmọ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Alápò ní, "Ẹ ṣé o, mà. A ò ní pààrọ̀ rẹ̀."

Ní ìparí oṣù, wọ́n yọ owó ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, àwa ogójì. Wọn ò sì fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n yọ ọ́! Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni a ti ń pààrọ̀ ìjókòó nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Alápá Ọ̀tún kọ́ mi ní apá ọ̀tún, ẹnu rẹ̀ ò dùn rárá, ó ń bú mi ní gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ mi bá ṣìnà. Mo ti mọ̀ ọ́n rán báyìí. Ó ku ara ẹ̀wù.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ká tó kúrò ní ilé-ìwé, a gba ẹ̀yìn kíláàsì kọjá. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo rí ọmọ náà níwájú, ó tẹrí ba, ó ń kọ nǹkan kíákíá. Alápò dì mí lọ́wọ́ mú. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé. Ọwọ́ ọ̀tún ni, èyí tó wà nínú apá tó ṣá.